Bàbá Mi, Fóònù Ti Dé Orí Omi

Bàbá mi, ọkọ Màámi,

Àsàlámù àlékùn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Mo wà nínú yàrá tí mo rẹ́ǹtì l'Ágùdà, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí góòlù kan tí kálukú ń sọ pé òun rí i dáadáa. Màámi wà. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n. Mo ní kí n ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wọn, wọ́n ní igi tí àwọn fojú rí nílé ọkọ àwọn ti tó. Ẹ̀yin náà ìbá rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín pé mo ti ríṣẹ́. Nígbà tí ẹ kú, ìwé ẹ̀rí mi ni mo ń gbé kiri. Ní báyìí, mo wà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Yaba. Fóònù là ń tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń lò. Eléyìí kì í wá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Sátẹ́láìtì tó wà lókè lójú ọ̀run ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí náà, ó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó, ó ń ṣiṣẹ́ lórí omi, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí fóònù tèmi àti tiyín ti máa ń di tọ́ọ̀ṣì lásán. Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí: ta ló máa rà á? Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n gbà mí síbẹ̀ láti dáhùn.

Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń fi fóònù sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni pé ohùn yín fúnra rẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń pè. Nígbà tí igi gẹdú tí ẹ ń tà bá kù díẹ̀ kó dé, ẹ ó pe àwọn tó ń gbé e bọ̀ títí ó fi máa sú yín, ẹ ó wá mú fìlà yín, ẹ ó sì gba etí ọ̀sà l'Ẹ́bútẹ̀-Mẹ́ta lọ. Mo tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀ nígbà mélòó kan. Ẹ ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹ ó máa wo ọ̀nà jíjìn. Bí igi náà bá wá dé, tí wọ́n fi okùn dè wọ́n pọ̀ bí ẹní ńlá lórí omi, tí àwọn ọkùnrin tó gbé e wá sì ń dáná lórí ẹ̀, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ owó. Ẹ ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ gbóòórùn igi. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ afárá Ìdó kọjá tí atẹ́gùn sì gbé òórùn pákó tútù wá, mo máa ń wẹ̀yìn.

Ọ̀gá mi ní Yaba, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àmọ́ lójú tiwọn, àwọn ọlọ́kọ̀ òkun àti àwọn tó ń wa epo rọ̀bì nìkan ló lè ra irú fóònù yìí. Wọ́n ní àwọn ará abúlé ò lówó, èyí tó bá sì lówó nínú wọn ò lẹ́ni tó fẹ́ pè. Àwọn tó fowó sínú iṣẹ́ náà ti ń béèrè ohun tí ẹ̀ka tèmi, tó ń wá oníbàárà lábúlé, ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ṣe ní kí n lọ sí ẹsẹ̀ odò, kí n fojú ara mi wò ó bóyá ọjà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, wọn yóò ti ẹ̀ka náà pa, èmi náà yóò sì padà sílé.

Etípadò ni mo yàn. Ẹ mọ ìdí ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ abúlé yẹn lẹ́nu yín pé ibẹ̀ ni gẹdú gidi ti ń wá, ṣùgbọ́n mi ò débẹ̀ rí. Mo wọkọ̀ ojú omi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, mo di ẹ̀wù agbéniléfòó mọ́ra débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí, mo sì ń wo fóònù ara mi bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń dín kù títí tí kò fi sí mọ́ rárá. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ àwọn ilé wọn lé. Yorùbá wọn kì í ṣe irú tiwa nílé ní Mushin. Mo ní láti dẹtí dáadáa, àwọn náà sì ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ.

Mo lọ láti ilé dé ilé. Mo fi fóònù hàn wọ́n, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa rà á. Wọn ò bú mi o. Wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọ́n fún mi ní ẹja, wọ́n sì fi ẹ̀rín kọ̀. Bàbá kan béèrè bóyá ó lè pa ẹja. Tíṣà ilé ìwé wọn yẹ̀ ẹ́ wò tìfẹ́tìfẹ́, ó sì dá a padà fún mi bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn gbé ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Ẹ̀gbọ́n Kúnlé lọ́kàn mi. Wọ́n jàre, ọjà ò sí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni obìnrin kan wá bá mi níbi tí mo wọ̀ sí. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ọmọ Àlàájì onígẹdú ni mí. Wọ́n wojú mi títí, wọ́n ní iwájú orí mi ò purọ́. Wọ́n ní àwọn ni Ìyá Orímisàn, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́ lọ sílé wọn.

Bàbá mi, ìdajì ìtàn ilé yẹn ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, Bàbá Orímisàn ló ń kó gẹdú yín wá sí Èkó, àti pé kò sí ẹni tí ẹ fọkàn tán tó wọn. Mo mọ̀ pé ìgbà kan wà tí igi náà ò dé. Ẹ pè, ẹ ò rí wọn. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà, ẹ padà wálé. Àwọn ará sọ́mìlì, níbi tí wọ́n ti ń la igi, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti ta igi náà ní èbúté mìíràn. Níkẹyìn, ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn yín láti pálọ̀, ẹ ń sọ fún Màámi pé ọkùnrin yẹn ti pa yín láyò. Ìgbà tó yá ni ìròyìn dé pé ìjì ló tú igi náà ká lórí ọ̀sà, pé Bàbá Orímisàn bómi lọ, wọ́n sì ti sin wọ́n kí ẹnikẹ́ni l'Ékòó tó gbọ́. Ọjọ́ yẹn, ẹ jókòó lórí ẹní ìrun lẹ́yìn tí gbogbo wa ti dìde. Mi ò gbọ́ kí ẹ dárúkọ wọn mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ìdajì yòókù, Ìyá Orímisàn ló sọ ọ́ fún mi, wọ́n ń yan ẹja lọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ wá. Wọ́n ní ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn, ẹ̀yin Àlàájì, ẹ sì jẹ́wọ́ pé ẹ ti pe ọkọ àwọn ní olè nígbà tó ti kú. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ìbá ti dákẹ́, kò sí ẹni tó máa tú yín fó. Inú bí wọn, wọ́n lé yín jáde. Nígbà tí Ìléyá ọdún tó tẹ̀ lé e kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ tún wá pẹ̀lú ìrẹsì àti òróró, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ. Nígbà tí ẹ tún dé lọ́dún kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹ ò fo ọdún kan títí tí wọ́n fi gbọ́ pé ẹ ti kú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán Orímisàn nílé ìwé títí ó fi parí.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé ojú ló ń tì yín ni? Àbí ẹ rò pé bí ẹ bá sọ ọ́, ó máa di ohun tí ẹ fi ń ṣe fọ́nńté? Mo jókòó níbẹ̀, èéfín ń wọ̀ mí lójú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ èéfín náà.

Nígbà tí wọ́n bi mí ní ohun tí mo bá wá, mo gbé fóònù náà jáde. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n béèrè bóyá ẹni tó wà lórí gẹdú láàárín ọ̀sà lè gbọ́ ọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n tan òun. Orímisàn ti dàgbà, Bàbá mi. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Òun ni olórí àwọn tó ń kó igi lọ sí Èkó báyìí.

“Bàbá rẹ̀ ni mi ò rí pè,” ni Ìyá Orímisàn wí. “Jẹ́ kí n máa rí òun pè.”

Ìgbà yẹn ló yé mi pé láti àná, ohun tí mo ń bi wọ́n nílé dé ilé ni bóyá wọ́n fẹ́ ra fóònù. Mi ò bi ẹnì kankan pé ta ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí mo tún abúlé yẹn rìn lọ́sàn-án, ìyẹn ni mo ń béèrè, kò sì sí ilé tí wọn ò ti dárúkọ ẹnì kan fún mi.

Ilé iṣẹ́ gbà kí n fi fóònù méjì sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo fún Ìyá Orímisàn ní ọ̀kan, mo fún ọmọ wọn ní èkejì. Mo kọ́ wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó lábẹ́ òrùlé, pé ìta gbangba ni, kí wọ́n fa irin orí rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì ní sùúrù títí tó fi máa rí ojú ọ̀run. Orímisàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó ní àdúrà là ń kọ́ àwọn. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ yípo ìtẹ̀kọ́rọ́ odò lọ síbi tí a ò ti lè rí i mọ́, ó sì pe ìyá rẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú sétí. Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun. Ojú wọn ló sì ṣe jẹun tán kó tó wọkọ̀.

Mo padà sí Èkó, mo gba Mushin lọ tààrà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn, kí ẹkún tó dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Màámi rò pé ẹ ní ìyàwó kan létí odò ni? Wọ́n ń rí ìrẹsì tí ẹ ń rà. Wọ́n béèrè, ẹ ní ọ̀rọ̀ òwò ni. Wọ́n ní àwọn ti fọkàn gba obìnrin náà, àwọn kàn ń dúró de ọjọ́ tí ẹ máa mú un wálé ni. Wọ́n fi ìborùn nu ojú wọn, wọ́n ní ọkùnrin yìí, Ọlọ́run á forí jì ọ́, wọ́n sì wọ inú ilé lọ bọ́jú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Orímisàn àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbéra pẹ̀lú gẹdú. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ló ń fà wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá ń rọ̀ ní Yaba, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ni fóònù ilé iṣẹ́ wa, irú èyí tí gbogbo ayé ń lò, dún. Ìyá Orímisàn ni. Ohùn wọn ò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

“Okùn tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀ ti já,” ni wọ́n wí. “Wọ́n wà láàyè. Ọ̀sà ń gbé wọn lọ.”

Ìyá rẹ̀ ni Orímisàn kọ́kọ́ pè, kì í ṣe àwa. Ìjì ti já okùn, atẹ́gùn ti ti ọkọ̀ náà lọ sápá ibòmíràn, igi sì ti ń tú lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó ti sọ ohun gbogbo tó ń rí fún ìyá rẹ̀: ọgbà tí àwọn apẹja fi igi ṣe sínú omi, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ pupa lápá ọ̀tún. Ìyá náà sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo pe alága àwọn onígẹdú ní sọ́mìlì, ọ̀rẹ́ yín àtijọ́ tó máa ń jẹ orógbó. Àwọn ló mọ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní òun ò lè wọ inú irú òjò bẹ́ẹ̀ lọ máa wá èèyàn kiri. Alága ní kì í ṣe pé kó máa wá wọn kiri, a mọ ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ náà gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀ṣì òrùlé pupa náà, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó gbéra.

Àwa tó kù dúró. Bàbá mi, mo ti rí yín níbi tí ẹ ti ń dúró létí ọ̀sà nígbà yẹn, mi ò mọ bó ṣe rí nínú yín. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, wọn ò sì kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sílé nínú wa. Mo ń ṣe làìláà lábẹ́lẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó jókòó tì mí, sì ń fi ahọ́n tirẹ̀ gbàdúrà sí Jésù.

Wọn ò tíì pe ìrun Mágíríbì tí ìpè dé. Orímisàn fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ti kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣẹ́, igi púpọ̀ sì bá omi lọ, ṣùgbọ́n orí wọn pé. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà tún pè láti sọ ohun kan náà fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé mi ò tíì gbọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ti jáde sí ìta. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n ní òjò ló pa ojú àwọn.

Ṣé bí fóònù yìí bá ti wà nígbà náà, Bàbá Orímisàn ì bá ṣì wà láyé? Mi ò mọ̀. Fóònù ò lè dá ìjì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kì bá tí pè wọ́n ní olè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí fún yín. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé mú mi lọ síwájú àwọn tó fowó sílẹ̀, wọ́n ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ní ọjà wà, àwa la ń tà á lódì. Ẹnì kan ṣoṣo ò ní í rà á fún ara rẹ̀ l'Étípadò, ṣùgbọ́n abúlé lápapọ̀ yóò ra ọ̀kan. Àwọn onígẹdú ní sọ́mìlì ti fẹnu kò pé igi wọn ò ní í gbéra mọ́ láìsí fóònù lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ti gba èyí tó wà lọ́wọ́ Ìyá Orímisàn ṣe ti gbogbo wọn, wọ́n jọ ń dáwó káàdì rẹ̀, ẹni tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń rọbí sì lè fi pe nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti rọgbọ. Ó ṣì wọ́n. Abúlé kan tí mo lọ lẹ́yìn ìyẹn kọ̀ jálẹ̀, òmíràn ní àwọn fẹ́ wo ti Etípadò ná. Ṣùgbọ́n wọn ò ti ẹ̀ka wa pa. Wọ́n ti fún mi ní ẹni tí a jọ máa ṣiṣẹ́.

Màámi ní àwọn fẹ́ bá Ìyá Orímisàn sọ̀rọ̀. Mo gbé ọ̀kan nínú fóònù sátẹ́láìtì wa lọ sí Mushin, a dúró sẹ́yìnkùlé níbi tí ojú ọ̀run ti yọ díẹ̀ láàárín òrùlé wa àti ti aládùúgbò. Mo rò pé wọ́n kàn máa kí ara wọn ni. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ti òjò. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yín, bí ẹ ṣe ń hanrun, bí ẹ ṣe ń gbóòórùn igi, wọ́n sì ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹni kan ní Mushin, ẹni kejì lórí omi. Owó ń lọ lórí fóònù náà. Mo gbójú kúrò níbẹ̀.

Àárọ̀ òní ni Orímisàn tún kó gẹdú gbéra, pẹ̀lú okùn tuntun. Mo ń fọṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ilé iṣẹ́ tí mo gbé wálé dún. Nígbà tí mo rí i pé Ìyá Orímisàn ni, mo fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ gbé e.

“Kò sí nǹkan kan,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ti kọjá ìtẹ̀kọ́rọ́, oòrùn ràn. Mo kàn ní kí o mọ̀ pé kò sí nǹkan kan.”

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín, kó sì fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Inú mi dùn pé ọmọ yín ni mí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.